Ọkàn Norris àti Àtẹ̀gùn Ilé Agogo

Norris Holroyd ń gbé ní nọ́ńbà kẹrìnlá ní òpópónà wa, èmi ń gbé ní ìkẹrìndínlógún. Ògiri kan ló wà láàrin wa, kò sì nípọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la fi jọ ṣiṣẹ́ ní ilé aró tó wà lẹ́bàá odò, níbi tí wọ́n ti ń pa irun àgùntàn láró, títí wọ́n fi tì í pa. Ó ga jù mí lọ díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà kì í sọ.

Láti ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń fa okùn agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Agogo mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ìkarùn-ún ni tirẹ̀. Agogo náà wúwo tó ọkùnrin márùn-ún, ṣùgbọ́n agbára kọ́ ni wọ́n fi ń fà á, àkókò ni. Bí o bá fà á ní àkókò rẹ̀, ọmọdé lè fà á. Bí o bá ṣì í, á gbé ọ kúrò nílẹ̀. Àwọn mẹ́fà máa ń dúró yípo, olúkúlùkù pẹ̀lú okùn tirẹ̀, agogo á sì máa pààrọ̀ ipò nínú lílù bí olórí wọn bá ṣe pè é. Kì í ṣe orin. Òǹkà ni. Norris fẹ́ràn òǹkà. Kò fẹ́ràn ìwàásù. Bí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀, á sọ̀kalẹ̀, á lọ sílé.

Enid ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún méje sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní New Zealand. Ó máa ń pè é láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mo máa ń gbọ́ ohùn Norris láti ẹ̀yìn ògiri.

"Kò burú. Rárá, kò burú. Òjò ń rọ̀."

Ó tán nìyẹn títí di ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń dáhùn ní àfonífojì yìí. Bí wọ́n bá bi wá pé báwo ni, kò burú ni. Ọkùnrin kan wà ní ilé aró tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ méjì. Ọ̀gá wa sáré dé, ó bi í pé báwo ni. Ó ní kò burú. Àwọn tí wọ́n ti gbé sínú pósí nìkan ni a ò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kejì sẹ́yìn, Norris dákú sẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kò lágbára mọ́, ó sì ń lù lọ́ra jù. Wọ́n la awọ lábẹ́ èjìká òsì rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kan sí i tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Wáyà tín-ín-rín méjì ti ibẹ̀ wọ inú ọkàn. Ẹ̀rọ náà ló ń sọ fún ọkàn ìgbà tí yóò lù. Bí Norris bá jókòó, á lù jẹ́jẹ́. Bó bá dìde tó ń rìn, ẹ̀rọ náà á mọ̀, á sì mú kí ọkàn yára.

Wọ́n ní kó má gbé ọwọ́ òsì sókè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó kà á. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó lọ sí ilé agogo. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó ń yí po nínú òkúta, kò fẹ̀ ju èjìká ọkùnrin lọ. Ó dé ìkọkànlélógún, ó jókòó. Nígbà tí Dorothy Uttley, olórí àwọn alágogo, sọ̀kalẹ̀ wá wò ó, Norris ní òun ń so okùn bàtà òun ni. Bàtà tó wọ̀ kò ní okùn. Dorothy ló sọ ọ́ fún mi.

Kò padà lọ mọ́.

Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí aago méje àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lù, á kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mi, á mú ife tirẹ̀ lọ́wọ́. Èmi á se tíì. Èmi á gbé ohùn rédíò sókè kí a má baà gbọ́ agogo. A ń gbọ́ ọ. Agogo márùn-ún ni wọ́n ń lù. Níbi tó yẹ kí ìkarùn-ún wà, àlàfo ni.

"Wọ́n ti ń sáré jù," Norris á wí.

"Dorothy ni."

"Dorothy ni."

A ò ní sọ ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá ti dákẹ́, á mu tíì rẹ̀ tán, á lọ. Oṣù mẹ́rìnlá la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlá, bíi tèmi. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ń gòkè lọ sùn. Nígbà tó kọ́kọ́ ti ọsibítù dé, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dúró, lórí ìkeje. Nígbà ooru, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa di Kérésì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ kà á. Iṣẹ́ aró, ìṣẹ́jú la fi ń ṣe é. Bí o bá ṣi ìṣẹ́jú kan kà, aṣọ ti bàjẹ́. Kíkà ti mọ́ mi lára. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìn-ín-ní, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́. Ikọ́ rẹ̀ ni mò ń gbọ́, nísàlẹ̀, níbi àga.

Ní òpópónà wa, a kì í sọ ohun tí a bá gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Mo gbọ́ nígbà tí Enid ń sunkún. Norris gbọ́ lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ fún ẹnìkejì rí.

Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní yẹn, Dorothy yà sílé ìdáná mi kó tó lọ sí ilé agogo. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ó ń gun àtẹ̀gùn bí ewúrẹ́. Norris ti tètè dé lọ́jọ́ náà, ó ti jókòó pẹ̀lú ife rẹ̀. Dorothy kò jókòó.

"Norris, báwo ni?"

"Kò burú."

"Ìgbà wo lo máa gòkè wá?"

"Láìpẹ́."

"Láìpẹ́ lo ti ń sọ látọdún tó kọjá. Olùkọ́ tuntun yẹn, èyí tó wà nílé-ìwé, ó ń kọ́ agogo. Ọwọ́ ẹ̀ dáa. Mo fẹ́ fún un ní ìkarùn-ún."

Norris wo inú ife rẹ̀. "Ta ló ń kọ́ ọ?"

"Èmi ni."

"Á jẹ́ pé ariwo ló ń pa."

"Ó kúkú ń fà á. Ìwọ ń jókòó ti rédíò Arnold. Gbọ́, mo máa dúró dè ọ́ títí di ọdún Àjíǹde. Lẹ́yìn ìyẹn, okùn náà ti di tiẹ̀."

"Àjíǹde tètè bọ́ sí lọ́dún yìí."

"Lọ bá Ọlọ́run sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo mú ọjọ́."

Ó lọ. Mo na ọwọ́ sí rédíò. Norris ní kí n fi í sílẹ̀. A gbọ́ agogo márùn-ún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé láti ọsibítù kan ní Leeds. Norris kà á fún mi, nítorí èmi kì í ka lẹ́tà gígùn. Wọ́n ń wá àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀ tí wọ́n sì ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láyà. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n wá rìn, kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe yẹ kí ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan yára tó nígbà tí ara bá ń ṣiṣẹ́. Kí ó mú ẹnì kan dání.

"Ìrìn ni wọ́n kọ síbí," ó ní. "Bí wọ́n bá lè mú mi rìn, wọ́n lè mú mi gòkè."

"Wàá sọ fún wọn?"

"Kí n sọ kí ni?"

Mo da tíì kún ife rẹ̀.

A wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́jọ. Ọmọbìnrin tó gbà wá ní ọsibítù ń jẹ́ Sameena. Ọmọ Keighley, ìlú kan nítòsí wa, ni, ohùn rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó pe Norris ní Ọ̀gbẹ́ni Holroyd, Norris ní kó má pè é bẹ́ẹ̀, pé orúkọ bàbá òun nìyẹn. Ó ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi nǹkan tútù kan bíi jẹ́lì pa á láyà, ó gbé irin lé e, ọkàn Norris sì yọ lójú ẹ̀rọ, dúdú pẹ̀lú àwọ̀ eérú, ó ń là, ó ń padé. Mi ò rí ọkàn ènìyàn rí. Ó kéré sí ohun tí mo rò.

Ọmọbìnrin náà gbé nǹkan ribiti kan lé orí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ awọ, ó sì lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

"Mo máa mú kó yára díẹ̀díẹ̀, Norris. Tára yín bá yí padà, ẹ sọ fún mi."

"Látìgbà tí Enid ti lọ, kò sóbìnrin tó mú ọkàn mi yára mọ́," ni Norris wí. "Ìwọ wá ń fi bọ́tìnnì ṣe é."

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín jàre. Tọ́wọ́ mi bá ń gbọ̀n, mi ò ní rí nǹkan kan."

Ní àádọ́rin lílù ní ìṣẹ́jú kan, ọkàn náà ń fún ara rẹ̀ bí ọwọ́ aláìlera tó ń fún kànìnkànìn. Ní àádọ́rùn-ún, ó fún un dáadáa sí i. Ní mẹ́rin lé lọ́gọ́rùn-ún, ó dára jù. Ní ọgọ́fà, ó kàn ń gbọ̀n ni. Ojú mi rí i, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

"Ẹ wò ó," ni Sameena wí. "Gbogbo èèyàn rò pé tí èémí bá ń já, ṣe ló yẹ kí ọkàn sáré sí i. Ọkàn tó lágbára, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ èyí tó ti rẹ̀, tá a bá lé e, kò ní ráyè kún kó tó tún fún. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló máa tú jáde, òun náà á sì tún rẹ̀ sí i. Ohun tá à ń yẹ̀ wò nìyẹn."

"Mélòó ni tèmi ń sá dé?"

"Àádóje. Ibẹ̀ ló wà látìgbà tí wọ́n ti fi í sí yín láyà."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ò ní ìṣòro kankan. Ẹ̀rọ yín náà ní ẹ kì í rìn púpọ̀. Wọ́n rò pé ẹ fẹ́ràn àtijókòó ni." Ó mú bírò. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín fúnra mi. Tẹ́ ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn nílé ńkọ́?"

"Kò burú."

"Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè?"

"Kò burú."

"Oorun ńkọ́?"

"Mò ń sùn."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Inú kò bí i. "Ẹ̀yin tí ìrìn ń mú mí hẹlẹhẹlẹ là ń wá, Norris. Tí kò bá sí nǹkan tó ń ṣe yín, mi ò lè fi yín kún un. Bí ẹ̀rọ yẹn ṣe wà la máa fi í sílẹ̀."

Norris mọ ohun tí ó ń sọ. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó la ẹnu. Mo dúró. Ọmọbìnrin náà dúró.

"Kò burú," ni Norris wí.

Mo ní, "Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ló wà nílé ẹ̀."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

"Nígbà tó kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ náà, ó ń dúró lẹ́ẹ̀kan, lórí ìkeje. Nígbà ooru, ẹ̀ẹ̀mejì. Ní Kérésì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìn-ín-ní, kò gòkè mọ́. Orí àga ló ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí márùn-ún ló ń jí láti wú ikọ́."

Sameena ń kọ ọ́. Norris kò wò mí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ṣi bọ́tìnnì dé láti òkè délẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a tún un ṣe.

Wọ́n ní kó rìn lórí ẹ̀rọ tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, tí ènìyàn ń rìn tí kò kúrò lójú kan. Wọ́n ń gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ bí òkè. Ó ní kí n dúró síta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ láàárọ̀ yẹn lẹ́yìn ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ kò nípọn. Mo gbọ́ ìgbà tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dákẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó síwájú, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí a dé òpópónà wa, ó ní, "Ẹnu rẹ gbòòrò, Arnold." Mo ní mo mọ̀. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ife tèmi kalẹ̀, mo se tíì tó ẹni méjì. Kò wá.

Ó gbọ́dọ̀ padà lọ rìn lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ní ọjọ́ kan wọ́n á jẹ́ kí ọkàn sá dé àádóje bíi ti tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ kejì wọn ò ní jẹ́ kó kọjá mẹ́rin lé lọ́gọ́rùn-ún. Wọn kì í sọ fún ẹni tó ń rìn èwo lèwo, kó má baà jẹ́ pé ìrètí ló ń mú un rìn. Mo dúró níbùdókọ̀ ní aago mẹ́jọ. Norris dé. Kò lé mi, kò kí mi. Ó tún jókòó síwájú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú méje àti ìṣẹ́jú àáyá ogójì ni mo gbọ́. Nígbà tó jáde, ètè rẹ̀ kò dúdú bó ṣe dúdú lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Mi ò sọ iye náà fún un. Mo ti sọ̀rọ̀ tó.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò kà á fún mi. Lójú pópó ni mo ti gbọ́, lẹ́nu Dorothy, pé èyí tí kì í sáré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, pé wọ́n ní kì í ṣe ìwòsàn, pé ọkàn náà ṣì rẹ̀ bó ṣe rẹ̀, àmọ́ yóò lè rìn jìnnà díẹ̀ sí i kó tó jókòó. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Iye ìgbà tó dúró, mi ò ní sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun márùn-ún ló kọjá tí kò wá mu tíì. Mi ò tan rédíò. Mo jókòó, mo ń gbọ́ agogo mẹ́fà. Olùkọ́ náà ń fa ìkarùn-ún, ó sì ń fà á dáadáa.

Àjíǹde ku ọjọ́ márùn-ún nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn iwájú mi. Norris ni. Kò mú ife dání.

"Dorothy ní kí ẹnì kan máa bọ̀ lẹ́yìn mi, kí n má baà ṣubú."

"Èmi ló dárúkọ?"

"Ẹnì kan ló ní."

Mo wọ kóòtù. Ilẹ̀ kò tíì ṣú. A gba àárín ibojì kọjá, a wọ ẹnu ọ̀nà kékeré náà. Ó ṣíwájú. Ó ń gun ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ lára òkúta. Ó kọjá ìkọkànlélógún láìdúró. Lórí ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, ó dúró. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó yára, ṣùgbọ́n kò já.

"Arnold."

"Ẹn."

"Gbogbo ohun tó ń lọ nílé mi lo ń gbọ́?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ti Enid náà?"

"Ti Enid náà."

Ó gun mẹ́ta sí i, ó tún dúró.

"Mo gbọ́ tìẹ náà," ó ní. "Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ lọ. Mo jókòó sétí ògiri títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n kànlẹ̀kùn."

"Kì bá dáa."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo rò."

Ó gbé ẹsẹ̀. Kò dúró mọ́ títí ó fi dé òkè.

Àwọn mẹ́fà wà níbẹ̀, okùn wọn lọ́wọ́. Olùkọ́ náà rí i, ó jọ̀wọ́ okùn karùn-ún, ó sún sẹ́yìn. Obìnrin kékeré ni, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àjíǹde ò tíì dé," ni Dorothy wí. "Tìẹ ni."

Norris jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ẹ fà á kí n gbọ́."

Wọ́n fà á. Norris ń wo ọwọ́ olùkọ́ náà nìkan, bó ṣe ń lọ sókè, bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá agogo dúró, ó yíjú sí olùkọ́ náà.

"Má fún un le tó bẹ́ẹ̀," ó wí fún un. "Òun fúnra ẹ̀ mọ ọ̀nà. Fi í sọ́wọ́, tìẹ ni."

Dorothy wò ó. "Ó dá ọ lójú?"

"Ìkarùn-ún ti wúwo jù fún mi. Ojú mi ti rí ọkàn mi, mo mọ ìwọ̀n ẹ̀."

"Gba tèmi nígbà náà. Eegun ìka ń dùn mí."

Ti Dorothy ni àkọ́kọ́, agogo tó fúyẹ́ jù, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé.

"Agogo ọmọ ọdún mẹ́wàá," ni Norris wí.

"Òun ló ń ṣíwájú gbogbo wọn. Wàá gbà á àbí o ò ní gbà á?"

Ó bọ́ kóòtù, ó fún mi mú. Ó di okùn náà mú. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló fi fà á. Kò ṣi ẹyọ kan. Nígbà tí Dorothy ní ó tó, ó so okùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì jókòó tì mí láti mí. Ó gba kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n máa ń lọ sí ilé ọtí lẹ́yìn rẹ̀. Dorothy ní kí n máa bọ̀. Mo ní mo gbé nǹkan ka iná. Mi ò gbé nǹkan kan ka iná. Norris gbójú sókè sí mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá wọn lọ, ó ń rìn láàrin wọn, àwọn yòókù ń dẹ ẹsẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí. Bí a bá pàdé, á ní báwo ni, èmi náà á bi í. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo fi ń se tíì fún un tẹ́lẹ̀, ni mo fi ń fọ aṣọ mi.